Ìwé tí mo fi ń kọ iṣẹ́ àwọn ọmọ sílẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ ní béékìrì mi

Ìyá Oníbúrẹ́dì · Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Béékìrì ni mo ní n'Íbàdàn. Àwa mẹ́rìnlá la wà níbẹ̀: mẹ́fà láàárọ̀, mẹ́fà lálẹ́, dẹ́rẹ́bà kan, àti èmi alára. Láti oṣù kẹta ni mo ti ra ìwé ńlá kan. Ọmọ mi ló ń bá mi kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú Excel lópin ọ̀sẹ̀. Ohun tí à ń kọ kò pọ̀: àpò fùláwà mélòó la tú, búrẹ́dì mélòó ló jáde nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mélòó ló jóná, ta ló pẹ́ dé, kí ló sì fà á tó fi pẹ́.

Mo wá rí i pé búrẹ́dì 101 làwọn aláàárọ̀ ń mú jáde nínú àpò kan, àwọn alálẹ́ ò kọjá 94. Fùláwà kan náà o, ààrò kan náà. Ni mo bá tẹ orúkọ gbogbo wọn síwèé, láti orí ẹni tó mókè dórí ẹni tó kẹ́yìn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ikọ̀ tó bá mókè lóṣù, ₦3,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Búrẹ́dì tó bá jóná, ₦500 lọ́rùn ẹni tó wà nídìí ààrò.

Oṣù àkọ́kọ́, àfi bí idán. Búrẹ́dì tó ń jóná já láti nǹkan bí 40 lọ́sẹ̀ wá sí 6. Inú mi dùn débi pé mo ra ìwé kejì. Ṣùgbọ́n ní báyìí, ẹni tó ń po dóò lálẹ́, tó ti wà lọ́dọ̀ mi láti ọdún mẹ́fà, ní òun ń lọ lópin oṣù. Àwọn aláàárọ̀ àtàwọn alálẹ́ kì í kí ara wọn mọ́. Èyí tó wá já mi láyà jù ni pé àwọn tó ń bá wa tà á níbùdókọ̀ ń sọ pé búrẹ́dì wa ti rù. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Ṣé kí n dáná sun ìwé náà ni? Mo ṣì fẹ́ kí àwọn ọmọ yìí mọṣẹ́ ju báyìí lọ o.

Ọ̀gá Fẹ̀yìntì · Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ẹ má dáná sun nǹkan kan. Ọdún 27 ni mo fi ṣe súpáfáísọ̀ nílé iṣẹ́ tó ń ṣe ike n'Íkẹjà. Òṣìṣẹ́ tí wọn ò bá ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tó bá ti di aago mẹ́ta òru, orí àpò fùláwà ló máa fi ṣe bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ṣáà ti rí i fúnra yín: owó ìtanràn dé, jíjóná dín kù. Kí la tún ń wá? Ẹni tó bá fẹ́ lọ, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un.

Oníṣirò Ọ̀yọ́ · Ọjọ́ Ajé, 9:58 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, mà. Kí n tó sọ ohunkóhun: dóò tó ń jáde nínú àpò kan, kílò mélòó ni? Gíráàmù mélòó lẹ ní kí wọ́n máa gé e sí?

Ìyá Oníbúrẹ́dì · Ọjọ́ Ajé, 10:05 alẹ́

Fùláwà kílò 50, omi, ṣúgà, bọ́tà, iyọ̀, yíìsì, tí a bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, kílò 82 ló máa ń jẹ́. Gíráàmù 850 ni kí wọ́n máa gé e sí. Búrẹ́dì ńlá nìkan là ń ṣe.

Oníṣirò Ọ̀yọ́ · Ọjọ́ Ajé, 10:21 alẹ́

Ọ̀rọ̀ ti yanjú dé ìdajì. Ẹ mú fóònù yín. Gíráàmù 82,000, ẹ fi 850 pín in. Ẹ máa rí 96 àti díẹ̀. Kò sí ọwọ́ tó lè gé 101 nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń bù ú kù. Ẹ wá fi 101 pín 82,000: 812 ni. Àwọn tí ẹ̀ ń fún ní ₦3,000 ń yọ nǹkan bí gíráàmù 38 kúrò lára búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni búrẹ́dì ti rù.

Àwọn alálẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ìwé yín ńkọ́? Tí èyí tó jóná kò bá sí nínú 94 yẹn, á jẹ́ pé 96 ni wọ́n gé, méjì sì bàjẹ́. Àwọn gan-an ló ń ṣe ohun tí ẹ ní kí wọ́n ṣe.

Ìyá Oníbúrẹ́dì · Ọjọ́ Ajé, 10:26 alẹ́

Yéè! Èyí tó jóná kò sí nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná.

Ọmọ Ìdí Ààrò · Ọjọ́ Ajé, 10:47 alẹ́

Màmá, ẹ má bínú sí mi o. Mo ṣiṣẹ́ nídìí ààrò fún ọdún mẹ́rin nílé búrẹ́dì kan tí mi ò ní dárúkọ. Ó dá mi lójú pé búrẹ́dì yín ò ṣíwọ́ jíjóná. Wọ́n ń gbé e pa mọ́ ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ta ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé? Nígbà tiwa, ọ̀bẹ la fi máa ń ha ìdí rẹ̀ tó dúdú, a ó wá rọra kì í sínú láílọ́ọ̀nù nígbà tó ṣì gbóná díẹ̀ kí ooru rẹ̀ bo ojú láílọ́ọ̀nù. Ẹni tó rà á ò ní mọ̀ àfi tó bá délé. Èyí tí kò ṣeé ha, inú àpò fùláwà tó ti ṣófo ló ń lọ, ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ á ti wá gbé e kí ọ̀gá tó jí. Ọ̀gá wa náà rò pé a ti di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹ tún wo ìwé yín dáadáa. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni pé jíjóná dín kù, ó yẹ kí 94 àwọn alálẹ́ ti gòkè sí 96 nígbà tí ìtanràn bẹ̀rẹ̀. Ṣé ó gòkè?

Ohun kejì. Ẹ lọ síbẹ̀ lóru. Kì í ṣe aago mẹ́wàá o, aago méjì sí mẹ́rin. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Ẹ kàn dúró sídìí ààrò, kí ẹ wo ohun tí wọ́n ń wò.

Ìyá Oníbúrẹ́dì · Ọjọ́ Ajé, 10:52 alẹ́

Kò gòkè. 94 náà ló wà láti oṣù kẹrin.

Ọ̀gá Fẹ̀yìntì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀

Hùn-ún. Mo gbọ́ ti búrẹ́dì tí wọ́n ń ha, ọmọ ò ní ṣàì jẹ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú mi rí fún ọdún 27. Ọjọ́ tí mo bá yin ẹ̀rọ kan àtẹni tó ń wà á, lọ́jọ́ kejì ni iṣẹ́ rẹ̀ máa lọ sílẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá bú ẹnì kan, lọ́jọ́ kejì ló máa ṣe dáadáa. Ṣé irọ́ ni ojú mi ń pa? Pàṣán lọ̀rọ̀ tó yé òṣìṣẹ́.

Àǹtí Tíṣà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, sà. Ojú yín ò purọ́, ìdí tí ẹ fún un ni kò rí bẹ́ẹ̀. Daniel Kahneman, tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2002, bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ ọmọ ogun òfuurufú Ísírẹ́lì. Ọ̀kan nínú wọn ní tí òun bá yin ọmọ tó fò dáadáa, ìgbà tó bá tún fò kì í dáa tó bẹ́ẹ̀; tí òun bá sì pariwo mọ́ ẹni tó fò burúkú, á gbọ́n sí i. Ohun tí Kahneman rí ni pé kò sóhun tí ariwo tàbí ìyìn fi bá a tan. Ọjọ́ tó dáa jù fún èèyàn, kò sí bí ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ò ṣe ní relẹ̀ díẹ̀. Ọjọ́ tó burú jù náà, èyí tó tẹ̀ lé e á sàn.

Ẹ lè dán an wò pẹ̀lú lúdò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mẹ́wàá ju ọmọ ayò. Ẹni tó bá ju ení, ẹ bú u dáadáa. Ẹ ní kí wọ́n tún un jù. Púpọ̀ nínú àwọn tí ẹ bú ló máa "ṣàtúnṣe". Ṣé ọmọ ayò ló gbọ́ èébú ni?

Nítorí náà, Màmá Oníbúrẹ́dì, ẹ má fi ti ọ̀sẹ̀ kan dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Iye tó ń lọ sókè sódò láàárín 93 sí 96 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ àti akíkanjú.

Ọ̀gá Fẹ̀yìntì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:22 àárọ̀

Mo máa ro ti lúdò yẹn. Mi ò tíì gbà o.

Bọ̀dá Leicester · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:05 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán gbogbo ilé. Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nílùú ọba. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lọ́wọ́ wa, òun ló ń ka ẹrù tí èèyàn mú láàárín wákàtí kan. Ọ̀gá tí mo kọ́kọ́ bá níbẹ̀, iye yẹn nìkan ló mọ̀. Tó o bá relẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìwé ìkìlọ̀. Kí làwa náà wá ń ṣe? Tílẹ̀ bá ti mọ́, gbogbo èèyàn á sáré lọ sí ọ̀nà tí ṣáńpù àti ọṣẹ ìfọyín wà, torí èèyàn lè mú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Páálí omi tó wúwo, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé là ń fi í sílẹ̀ fún. Àwọn ni ìwé wá ń pè ní ọ̀lẹ. Mo ṣe é, mi ò ní purọ́.

Ọ̀gá mìíràn dé, obìnrin ni, ìwé kan náà ló ń lò. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, iye tìrẹ nìkan ló máa gbé síwájú rẹ, kì í ṣe ti ẹnìkejì. Ìbéèrè ẹ̀ ò ju méjì lọ: "Kí ló dí ọ lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí?" àti "Kí lo fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe tó ò tíì mọ̀?" Láàárín oṣù kan ló rí i pé ẹ̀rọ tó ń tẹ lébẹ́ẹ̀lì ló jìnnà sí apá kan, à ń rìn lọ rìn bọ̀. Wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iye ṣì gòkè.

Ohun tó tún ṣe tí mo fẹ́ kí ẹ jí wò, Màmá: ó ya pátákó kan. Orúkọ wa lápá òsì, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ lókè. Ẹni tó bá lè dá a ṣe, ó fi àmì sí i. Ẹni tó lè kọ́ ẹlòmíì, àmì méjì. Ibẹ̀ la ti rí i pé nínú èèyàn 22, méjì péré ló lè wa fọ́ọ̀kílífìtì. Tí wọ́n bá ṣàìsàn lọ́jọ́ kan náà, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Bí wọ́n ṣe rán èmi lọ kọ́ ọ nìyẹn, ìwé àṣẹ rẹ̀ ni mo fi ń jẹun di òní. Ẹ ya irú rẹ̀: pípo, gígé, mímọ, ìdí ààrò, wíwé. Ẹ wo ibi tó ṣófo.

Ọ̀gá Fẹ̀yìntì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán

Bọ̀dá, ìlú ọba nìyẹn. Níbí, tó o bá kọ́ ọmọ ní pípo, ìdí ààrò àti gbogbo ẹ̀, ọdún tó ń bọ̀ ló máa ṣí béékìrì tiẹ̀ sí òdìkejì ọ̀nà.

Ọmọ Ìdí Ààrò · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:41 ọ̀sán

Baba, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ọdún mẹ́rin ni mo fi dúró sídìí ooru, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan míkísà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìyẹn ló lé mi lọ. Mi ò rówó ṣí béékìrì kankan, ọ̀kadà ni mo ń gùn.

Àǹtí Ẹ̀ka Òṣìṣẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:10 ìrọ̀lẹ́

Mo ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan l'Ékòó, ẹ jẹ́ kí n wá síbi òfin, torí gbogbo yín ti fò ó.

Ẹ dá ₦500 yẹn dúró lónìí. Abala 5 òfin iṣẹ́ Nàìjíríà kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti yọ ìtanràn kúrò nínú owó oṣù òṣìṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí kò kà á sí, ẹ kọ́kọ́ ní láti gba ìyọ̀ǹda lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ aláṣẹ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́.

Ẹ ní ẹ ń kọ ohun tó fà á tí èèyàn fi pẹ́ dé. Kí lẹ kọ níbẹ̀? "Oyún ń dà á láàmú"? "Òun àti ọkọ rẹ̀ ń jà"? Òfin ààbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, èyí tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023, sọ pé kí ẹ sọ fún èèyàn ìdí tí ẹ fi ń kọ nǹkan nípa rẹ̀, kí ẹ má kọ ju ohun tí ẹ nílò lọ, kí ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ kọjá ìgbà tó wúlò. Ọ̀rọ̀ ìlera tún le ju ti ìyókù lọ. Ẹ má rò pé eré ni. Ní Jámánì, H&M, ilé iṣẹ́ tó ń ta aṣọ, san ìtanràn mílíọ̀nù 35.3 owó yúrò lọ́dún 2020, torí pé àwọn ọ̀gá kan ní Nuremberg ń kọ àìsàn àti wàhálà ilé àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Àṣírí tú nígbà tí ìwé náà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ilé iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà.

Ní ti kíkọ́ wọn níṣẹ́: ṣé ẹ ń san owó ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí kíkọ́ òṣìṣẹ́ níṣẹ́? Ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san lọ́dún. Ẹ lè gba tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ẹ san padà tí ẹ bá fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ níṣẹ́.

Oníṣòwò Ìjẹ̀bú · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Àtúnṣe kékeré, Àǹtí. Ìdá 60 ti di ohun àtijọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin náà ṣe lọ́dún 2011, kò ju ìdá 50 lọ. Kò sì sí ẹni tó máa gbé e wá bá yín nílé: kí ẹ ti san tiyín, kí ìwé ẹ̀rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sì wà lọ́wọ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì ti mọ ìwé kọ, ó ti ní ìdajì.

Àǹtí Ẹ̀ka Òṣìṣẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:06 ìrọ̀lẹ́

Òótọ́ ni, 50. Ẹ ṣé.

Àǹtí Tíṣà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ògiri yẹn ńkọ́? Èmi ò fẹ́ rí nǹkan kan lórí ẹ̀ mọ́. Ọmọ tí wọ́n bá lẹ ipò rẹ̀ mọ́ ògiri fún gbogbo ayé, ojú ló máa ń tì í, kò ní kàwé sí i.

Bọ̀dá Leicester · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:14 ìrọ̀lẹ́

Mi ò bá yín lọ pátápátá, Àǹtí. Orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ ọ́. Ṣùgbọ́n iye béékìrì lápapọ̀, ẹ fi sílẹ̀ kí gbogbo wọn máa rí i. Tiwa wà lára ògiri, a fẹ́ràn rẹ̀.

Oníṣirò Ọ̀yọ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 ìrọ̀lẹ́

Lápapọ̀ o, kì í ṣe aláàárọ̀ lọ́tọ̀, alálẹ́ lọ́tọ̀. Ikọ̀ méjì péré ló wà. Tí ọ̀kan bá ṣe èkíní, ìkejì ti gbẹ́yìn náà nìyẹn. Kí ìwọ̀n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye. Ẹ má tún kọ iye nìkan láé.

Ìyá Oníbúrẹ́dì · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:20 àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ń jáde lóru.

Ọjọ́rú, aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo dé béékìrì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti pa jẹnẹrétọ̀. Èmi ni mo pàṣẹ o, kí dísù má baà tán. Iná ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń ríran, gílóòbù tó wà lókè ẹnu ààrò sì ti jó láti ìgbà tí ẹnì kankan ò rántí. Mo dúró síbẹ̀ bí Ọmọ Ìdí Ààrò ṣe sọ. Fóònù ni ọmọkùnrin tó ń bójú tó ààrò wa fi sẹ́nu, ó há a mọ́ eyín, tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń tàn sínú ààrò kó lè mọ̀ bóyá búrẹ́dì ti pọ́n. Mo ní kó jẹ́ kí n wò ó. Mo tẹjú mọ́ ọn, mi ò mọ èyí tó pọ́n yàtọ̀ sí èyí tó ti ń dúdú. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni mo ń gbà lọ́wọ́ ọmọ yìí.

Mo bi í léèrè àwọn tó jóná. Ó wo ilẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ kọ́, ajá ọlọ́dẹ àdúgbò àti adìyẹ ìyá kan ni wọ́n ń gbé e fún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé òṣùwọ̀n sórí tábìlì, mo mú dóò mẹ́wàá nínú èyí tí wọ́n ti gé: 815, 808, 810, 820, 805, gbogbo wọn bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n tiwọn wà nísàlẹ̀ tábìlì, fùláwà ti bò ó. Ojú ni wọ́n fi ń gé e. Mi ò pariwo. Ẹni tó ń gé e ní, "Mà, ẹ̀yin lẹ ní iye tó bá pọ̀ lẹ fẹ́." Mi ò rí èsì fọ̀.

Mo ti já ìwé ara ògiri. Mo ti dá owó ìtanràn padà fún àwọn alálẹ́, ₦21,500 lápapọ̀. Ìwé "ìdí tó fi pẹ́", mo ti ya àwọn ojú ewé náà, mo sì sun wọ́n, torí ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lóòótọ́. Ní báyìí, àpò là ń kọ, kì í ṣe èèyàn: aago tí wọ́n pò ó, iná ìjọba tàbí jẹnẹrétọ̀, yíìsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú tàbí èyí tó ti ṣí láti àárọ̀, ìwọ̀n dóò márùn-ún, iye tó jáde, iye tó jóná àti ìdí rẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì péré, 11 ló jóná nínú ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ọ, ẹ bá mi yọ̀.

Mo ya pátákó Bọ̀dá Leicester náà. Lálẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ pípo, òun náà ló ń lọ. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti fún ẹlòmíì lọ́rọ̀, òun ò lè yẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n òun máa fi ọ̀sẹ̀ méjì tó kù kọ́ àwọn méjì, ẹni tó ń gé dóò láàárọ̀ wà nínú wọn. Alẹ́ àná ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kí ara wọn.

Ọ̀gá Fẹ̀yìntì · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:08 ọ̀sán

Mo ju lúdò yẹn pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ mi lálẹ́ àná. Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀ yẹn.

Ọmọ Ìdí Ààrò · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:15 ọ̀sán

Màmá, ẹ ò sọ ti gílóòbù.

Ìyá Oníbúrẹ́dì · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:19 ọ̀sán

Méjì ni mo rà, èyí tó ń gba iná sára. Ọ̀kan wà lókè ààrò, ìkejì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.